Kì Í Ṣe Gbogbo Kòkòrò Ló Yẹ Ká Pa: Bí Ọ̀sà àti Igbó Attécoubé Ṣe Kan Ìlera Ọmọ Yín

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Abobo-Doumé, ní agbègbè Attécoubé nílùú Abidjan, òórùn méjì ló ṣeé ṣe kó pàdé yín. Ọ̀kan ń ti inú ọ̀sà bọ̀, ó dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì máa ń le sí i níbi tí omi kò ti rìn dáadáa. Ìkejì ń ti agboolé àwọn ìyá Ébrié bọ̀, níbi tí gbágùúdá lílọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe attiéké ti ń kan díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń kánjú yóò fọwọ́ dí imú, yóò sì kọjá. Àmọ́ ẹ̀dá irú kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì: àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní kòkòrò àìfojúrí. Nínú gbágùúdá, àwọn ìyá yẹn ṣètò iṣẹ́ fún wọn, wọ́n sì fún wọn lákòókò tó tó, oúnjẹ gidi ló jáde. Nínú ọ̀sà, ẹrù tó ju agbára wọn lọ ni a dì lé wọn lórí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà "kòkòrò" kì í dùn létí òbí. Bí a bá ti gbọ́ ọ, Javel ló kàn, tàbí ọṣẹ tí ìpolówó ní ó ń pa ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kápúsù aláwọ̀ méjì láti orí igbá ẹni tó ń kiri oògùn. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó bá nu ìdí ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Omi mímu gbọ́dọ̀ mọ́, ìgbẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ dé ibi tí oúnjẹ wà. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni èrò pé ohunkóhun tó bá ti jẹ́ kòkòrò àìfojúrí, ọ̀tá ni, àti pé bí a bá ṣe ń pa á tó ni ara wa ṣe ń le tó. Èrò yẹn ń ná wa lówó, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ ní ibi tí ojú wa kò tó.

Ẹ wo ara yín ná. Àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2016, wọ́n ní àgbàlagbà kan ní nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 bakitéríà lára, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ gan-an jẹ́ bíi tírílíọ̀nù 30. Inú ìfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń gbé. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀tá, ta ni ìbá kù láyé? Díẹ̀ péré nínú irú wọn ló ń fa àìsàn. Àwọn tó kù wà lẹ́nu iṣẹ́: wọ́n ń jẹrà ohun tó kú, wọ́n ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ náítírójìn lára ojú ọ̀run wọ inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo sí ibi tó ti kórè ẹ̀wà mọ̀ pé àgbàdo náà máa ń ṣe dáadáa. Òun náà lè má mọ ẹni tó bá òun fi ajílẹ̀ síbẹ̀.

Apá ńlá nínú ilẹ̀ Attécoubé ni igbó, igbó tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè lọ́dún 1953, tí wọ́n ń pè ní Parc national du Banco. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hẹ́kítà 3,500, láàárín ìlú tí ilé kún títí dé ẹsẹ̀ igi. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá rárá, yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Báwo wá ni igi tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá ṣe ń hù lórí yanrìn? Nítorí pé ewé tó bá jábọ́ kì í pẹ́ nílẹ̀. Bakitéríà, àwọn ohun tíntìntín tó jẹ́ ìbátan olú, àti ikán pẹ̀lú àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn rẹ̀, á sọ ọ́ di oúnjẹ fún gbòǹgbò kí òjò tó gbé e lọ. Àwọn ìbátan olú yìí tún ní okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò igi. Igi á fún wọn ní ṣúgà tó fi oòrùn sè, àwọn náà á bá igi wá omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì láti ibi tí gbòǹgbò kò lè dé. Bí ẹ bá ha ewé ilẹ̀ igbó kúrò, tí ẹ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ le, tí ẹ da ṣímẹ́ǹtì sí i, òwò yẹn ti dópin nìyẹn, bí àwọn igi tiẹ̀ ṣì dúró fún ọdún mélòó kan.

Ẹ lè ní, "Dókítà, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ igi?" Omi tí ẹ ń mu ló kàn yín. Ó ti pẹ́ tí Abidjan ti gbára lé omi abẹ́ ilẹ̀, omi tó ń gba inú yanrìn yẹn kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ igbó tó wà láàyè jẹ́ asẹ́ fún un. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ jòjòló nílé fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kì í gbọ́ títí ewu fi dé.

Nígbà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bá ń jò láti inú ṣáláńgá tàbí sókáwee, bakitéríà inú ilẹ̀ á sọ èyí tó ń ta imú nínú rẹ̀ di ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní náítíréètì. Títí dé ibẹ̀, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tó ní igi, koríko àti ewé jíjẹrà ni, gbòǹgbò á fa lára náítíréètì náà, bakitéríà mìíràn tó ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀ á sọ ìyókù di náítírójìn, á sì padà sójú ọ̀run láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé, tí kò sí ewé kan nílẹ̀, tí ṣáláńgá mẹ́wàá wà lórí ilẹ̀ tó yẹ kó gba ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó máa parí iṣẹ́ náà. Náítíréètì á bá yanrìn sọ̀ kalẹ̀, á sì wọ kànga.

Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn kan tí ẹ máa fi dá a mọ̀. Àgbàlagbà lè mu ún kó má ṣe é ní nǹkan kan tó hàn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, bakitéríà á sọ náítíréètì di náítíráìtì, ìyẹn á sì yí ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri padà, kò ní jẹ́ kó lè gbé e mọ́. Ètè ọmọ àti èékánná rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí aró, á máa mí lákọlákọ, ara rẹ̀ á rọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní náítíréètì inú omi mímu kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń mu wàrà inú agolo ló sì mú kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Ibi tí ó ti ń tan àwọn ìyá jẹ jù nìyí: bí ẹ bá se omi kànga yẹn, àwọn kòkòrò tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru á kú, ṣùgbọ́n náítíréètì kò ní lọ. Bí omi bá ṣe ń gbẹ sí i lórí iná, ńṣe ló ń pọ̀ sí i nínú èyí tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹ má fi omi kànga àárín ilé po wàrà fún ọmọ jòjòló, bó ti wù kí ẹ sè é pẹ́ tó. Omi ẹ̀rọ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì se òun náà. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan, ewu yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Bí ètè ọmọ bá sì ti dúdú bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró fi òróró pa á lára, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sà náà ò jìnnà sí èyí. Bakitéríà inú omi ń jẹ ìdọ̀tí tó bá wọ ibẹ̀, wọ́n sì ń lo ọ́síjìn inú omi bí wọ́n ṣe ń jẹun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń lò ó. Nígbà tí ìdọ̀tí kò pọ̀, omi ń fọ ara rẹ̀ mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbẹ́, omi ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ ìlú tó ní mílíọ̀nù èèyàn bá ń wọ́ lọ síbẹ̀, ọ́síjìn á tán. Ẹja á sá tàbí kó kú. Àwọn bakitéríà mìíràn tí kò nílò ọ́síjìn á wá gba ipò, imí ọjọ́ inú omi ni àwọn wọ̀nyẹn ń lò, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tí ẹ ń gbọ́ yẹn sì ni èémí wọn. Tí òórùn yẹn bá wà níbì kan, ẹ mọ̀ pé ọ́síjìn ti tán nísàlẹ̀ ibẹ̀. Àwọn apẹja tó ń já ẹja ní Locodjro kò nílò dókítà láti sọ ìyẹn fún wọn.

Ó máa ń jọ mí lójú bí àwọn kan ṣe ń di ẹ̀bi lé àwọn fanico lórí, àwọn alágbàfọ̀ tí Odò Banco sọ di olókìkí, tí wọ́n ń na aṣọ lórí òkúta àti táyà àtijọ́. Dioula ni orúkọ wọn, aṣọ ni fani, kí á fọ nǹkan ni ko. Ọṣẹ wọn kì í ṣe oore fún odò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ká fi ojú ẹni tó ń fọ aṣọ wo ẹni tó ba ọ̀sà Ébrié jẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní ibi tí ìgbẹ́ wọn ń gbà lọ ju ojú àgbàrá, ìrẹ́jẹ ni. Ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí àti ibi tí ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́ ń dà á sí ni kí a bi ìjọba, kì í ṣe ìwọ̀n ọṣẹ alágbàfọ̀.

Omi tó bá sì ti bàjẹ́ báyìí máa ń gba àlejò. Kòkòrò kọ́lẹ́rà lè gbé fúnra rẹ̀ nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ bíi ti ọ̀sà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó jọ edé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba Côte d'Ivoire kéde pé kọ́lẹ́rà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Vridi-Akobrakré, lágbègbè Port-Bouët, ọ̀sà kan náà yìí ló wà níbẹ̀. Àìní ṣáláńgá àti omi tó mọ́ ló sábà máa ń sọ ọ́ di àjàkálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ilé, nítorí ibẹ̀ ni agbára yín ti pọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké sínú ìwé ogún ìran ènìyàn. Ohun tó wù mí jù nínú ìmọ̀ náà ni magnan: gbágùúdá tí wọ́n ti sè, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè kan, kí wọ́n tó pò ó mọ́ tútù tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Kò sí maikirosíkópù kankan níbẹ̀, síbẹ̀ bakitéríà tó ń mú nǹkan kan ni wọ́n ń sìn bí ẹni ń sin adìyẹ. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti adùn lásán. Gbágùúdá ní májèlé sáyánáìdì nínú. Lílọ̀, kíkan, fífún omi rẹ̀ dà nù àti sísè ló ń mú un kúrò. Ẹni tó bá gé ọjọ́ kíkan kúrò nítorí kí ọjà má baà tán lọ́wọ́ rẹ̀, májèlé ló ń fi sílẹ̀ fún oníbàárà. Gàrí àti fùfú tiwa náà kò yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yin ará Ẹjìgbò tí ẹ ti ń wá Abidjan láti ìran dé ìran mọ méjèèjì. Ògì ń kọ́, irú sì ń tú nínú igbá, gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ kòkòrò àìfojúrí ni. Kíkan ògì kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ráyè. Ṣùgbọ́n ògì olómi ṣooro nìkan kò tó ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó ki, kí ẹ sì fi ẹja lílọ̀, ẹyin tàbí ẹ̀wà sí i.

Ikùn ọmọ tuntun dà bí ilẹ̀ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbilẹ̀. Ní Paris, ní nǹkan bí ọdún 1899, Henry Tissier rí i pé bakitéríà kan báyìí ló pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń mu ọmú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀ dáadáa: irú ṣúgà kan wà nínú ọmú ìyá tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà nínú ikùn. Oúnjẹ àwọn bakitéríà yẹn ni! Ọlọ́run fi oúnjẹ àlejò pa mọ́ sínú oúnjẹ ọmọ. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, ìfun á kan díẹ̀, àwọn kòkòrò burúkú á sì rí i pé kò sáyè. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ má fún wàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n yẹn dà nù, kí ó sì jẹ́ ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo mọ̀ pé àgbo lẹ fi tọ́ àwọn tó bí wọn. Ẹ ṣáà ṣe sùúrù fún oṣù mẹ́fà péré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn apakòkòrò. Ọjà Roxy ní Adjamé kò jìnnà sí Attécoubé, gbogbo Abidjan ló sì mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọmọ ń hú ikọ́, Amoxicilline. Ọmọ ń yàgbẹ́, Flagyl. Ikọ́ òun ọ̀fìnkìn tí fáírọ́ọ̀sì fà, oògùn apakòkòrò kò lè ṣe é ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru olómi. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ nínú ìfun rẹ̀ ló máa pa, ìgbẹ́ náà sì lè pọ̀ sí i. Omi oníyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n ń tà ní páálí kékeré ni kí ẹ fún un, pẹ̀lú sínkì fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá: mílígíráàmù 20 lójúmọ́, tàbí 10 bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú rẹ̀ bá wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn. Bí dókítà bá sì kọ oògùn apakòkòrò fún un lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ lò ó bó ṣe kọ ọ́, ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ọmọ ti yá.

Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2022 fi hàn pé lọ́dún 2019 nìkan, àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn lágbàáyé, àti pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìwọ̀n ikú náà ti ga jù. Ohun tí a mu lónìí máa jáde nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wa lọ́la, á sì gba ojú àgbàrá lọ sínú ọ̀sà. Níbẹ̀, bakitéríà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn lè fi ọgbọ́n náà lé èyí tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò tilẹ̀ ra oògùn rí ní Roxy lè pàdé wọn níbi tó ti ń fi omi ọ̀sà ṣan ẹja.

Nítorí náà, Javel jẹ́ fún ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì bá kàn. Ẹ má dà á sínú sókáwee ní kóróbá kóróbá kí òórùn lè lọ, àwọn tó ń jẹ ìgbẹ́ inú rẹ̀ ni ẹ ń pa, sókáwee náà á sì yára kún. Ọṣẹ lásán tó fún ọwọ́ nínú ilé tí kò sí aláìsàn, kò nílò èyí tó ń pariwo pé òun ń pa kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ilẹ̀ tí ìgbẹ́ kò sí níbẹ̀, kó fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Oògùn tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú ṣáláńgá tàbí àgbàrá. Ẹ kó o lọ fún ilé ìtajà oògùn tó níwèé àṣẹ ládùúgbò yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín.